Títún Ọ̀bẹ Àpò Àtijọ́ Gbẹ́

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó bá wọn lọ sí ogun Bọ́mà nígbà Hítílà kò kó ọrọ̀ bọ̀ láti ojú ogun. Ohun tí ó mú bọ̀, lẹ́yìn ẹ̀mí ara rẹ̀ tí a dúpẹ́ lé lórí títí ó fi rè ibi àgbà ń rè, kò ju ẹ̀wù òtútù kan, àwo páànù kan, àti ọ̀bẹ àpò kan tí ó ń ká wọ inú èkù ara rẹ̀ bí ìgbín ti ń fà wọ inú ìkarahun. Ọ̀bẹ yìí ni ó fi ń bó ọsàn, òun ni ó fi ń gé okùn àgùntàn, òun ni ó fi ń ṣí agolo, òun náà ni ó sì fi ń tú ìdè rédíò rẹ̀ nígbà tí kò bá sí ohun mìíràn nítòsí, títí ṣóńṣó rẹ̀ fi ṣẹ́, tí awẹ́ èkù rẹ̀ kan là, tí ìpẹtà sì bò ó bí èbíbu ti ń bo ògiri ẹ̀yìn balùwẹ̀. Nígbà tí ó di tèmi, ẹni tí ó fi í lé mi lọ́wọ́ rò pé àwọn tí ń ra irin àlòkù ni n ó tà á fún. N kò tà á. Ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko kọjá kí n tó ní ìgboyà láti tú u, nítorí mo ti kọ́kọ́ ba ọ̀bẹ mìíràn jẹ́ kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ní ìlànà. Ìlànà náà ni mo sì fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín, kí ẹni tí ó bá ní irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí má baà gba ọ̀nà tí mo gbà tí ẹ̀gún fi gún mi.

Kí ènìyàn tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ àtijọ́, kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ó ti wá. Ọ̀bẹ ní oríkì bí ènìyàn ti ní, ìdí irin rẹ̀, níbi tí ojú mímú ti parí kí irin tó wọ inú èkù, ni àwọn tí ó rọ ọ́ sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Kí a fi òwú tí a rẹ sínú kẹrosíìnì nu ibẹ̀ jẹ́jẹ́, kí a má fi ohun líle ha á, kí a sì gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè fi lẹ́tà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ hàn. Lára ọ̀bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ohun mẹ́ta ni mo bá: orúkọ ìlú Sheffield, ọdún 1943, àti orí ọfà kékeré kan, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ̀ sára ohun ìní àwọn ọmọ ogun wọn. Ọ̀bẹ mìíràn lè ní ọ̀rọ̀ náà “England” lára. Èyí máa ń fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rọ ọ́ lẹ́yìn 1890, nítorí ọdún náà ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí ọjà òkèèrè tó bá ń wọ ilẹ̀ wọn máa ní orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é lára.

Sheffield kì í ṣe ìlú àná nínú ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Bí Ìrè ti jẹ́ fún Ògún, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlú yìí jẹ́ fún àwọn ọlọ́bẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akéwì wọn àtijọ́ nì, Geoffrey Chaucer, tí ó kú ní ọdún 1400, ti dárúkọ ọ̀bẹ Sheffield nínú ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1624, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi òfin gbé ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ibẹ̀ kalẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì wà títí di òní. Àwọn odò tí ń sáré bọ̀ láti orí òkè ni ó ń yí òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin, kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ omi. Láàárín ọdún 1740 sí 1750 ni ọkùnrin aláago kan tí ń jẹ́ Benjamin Huntsman, tí irin tí ó ń rí rà fún sìpíríǹgì aago kò tẹ́ lọ́rùn, bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ títí ó fi di omi, tí gbogbo èérí inú rẹ̀ fi yà á sílẹ̀. Irin tí a sì wá nítorí aago yìí ni ó sọ ọ̀bẹ àpò Sheffield di ohun tí gbogbo ayé ń wá.

Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọ̀bẹ kan ń gbà kọjá níbẹ̀: ẹnìkan ń rọ ọ́, ẹlòmíràn ń lọ̀ ọ́, ẹlòmíràn ń fi èkù sí i, oníkálukú nínú iyàrá kékeré tí ó háyà, pẹ̀lú àga kan àti báìsì kan. Ìran wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Stan Shaw, tí a bí ní 1926, tí ó wọ iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ọmọdé, tí ó sì dàgbà sínú rẹ̀ di ẹni tí ó lè dá ọ̀bẹ àpò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣaláìsí ní 2021. Mo ń dárúkọ rẹ̀ kí a lè mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe ohun tí a fẹ́ tún ṣe. Bí a bá gbé ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ sórí àga iṣẹ́, ọwọ́ wa ń tẹ̀ lé ọwọ́ ẹlòmíràn ni, ó sì yẹ kí á tẹ̀ lé e tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ bí ilé ti dúró kò gbọdọ̀ yọ òpó kan níbẹ̀. Awẹ́ èkù méjì ni ó wà lóde. Lábẹ́ awẹ́ kọ̀ọ̀kan ni irin tàbí idẹ pẹlẹbẹ kan wà tí ó dà bí ògiri. Láàárín ògiri méjèèjì, ní ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ni sìpíríǹgì wà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ìṣó kàn mọ́lẹ̀ ní ìdí àti ní àárín, ṣùgbọ́n tí a fi orí rẹ̀ kejì sílẹ̀ kí ó lè máa tẹ ìdí irin ọ̀bẹ. Ìdí irin ọ̀bẹ yìí kò rí roboto. Ó ní igun, ó sì tẹ́jú ní ibi méjì tàbí mẹ́ta. Bí ọ̀bẹ bá ṣí tán, orí sìpíríǹgì á gúnlẹ̀ sí ibi títẹ́jú kan. Bí ó bá pa dé tán, á gúnlẹ̀ sí òmíràn. Láàárín méjèèjì, igun náà á máa ti sìpíríǹgì sókè títí yóò fi kọjá, tí yóò sì jábọ́ sí àyè rẹ̀. Àwọn òyìnbó tí ó fẹ́ràn ọ̀bẹ a máa sọ pé ọ̀bẹ rere ń rìn, ó sì ń sọ̀rọ̀: ìrìn rẹ̀ ni bí ó ti ń yí láìhá tí kò sì mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni “pàú” tí ó ń dún nígbà tí ó bá dé ibùgbé rẹ̀. Ọ̀bẹ tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, bóyá ìdọ̀tí ló dí i lọ́nà, bóyá sìpíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀. Ìdọ̀tí ní oògùn, sìpíríǹgì tí ó ti kú kò ní.

Ohun kékeré kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kíyè sí. Ní ìsàlẹ̀ ìdí irin ọ̀bẹ, níbi tí ojú mímú ti bẹ̀rẹ̀, irin náà yọ gìgísẹ̀ kékeré kan síta. Gìgísẹ̀ yìí ni ó ń kan sìpíríǹgì nígbà tí ọ̀bẹ bá pa dé, tí kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ fara kan irin inú. Ọ̀bẹ tí a ti pọ́n fún ogún ọdún á ti jẹ tì. Ṣóńṣó rẹ̀ á ti máa sún mọ́ ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi máa yọjú jáde láàárín èkù bí ọ̀bẹ bá pa dé, tí yóò sì máa ya àpò, tí yóò máa gún ọwọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀bẹ náà ti bàjẹ́. Bí a bá lọ gìgísẹ̀ yìí níwọ̀n bí èékánná ti nípọn tó, irin ọ̀bẹ á rì sínú èkù, ṣóńṣó á sì farasin; ṣùgbọ́n bí a bá lọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú mímú á máa já lu sìpíríǹgì ní gbogbo ìgbà tí a bá pa ọ̀bẹ dé, á sì kú ní ibi tí ó ti ń kàn án. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́: irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ni òwe yìí bá wí. Nítorí náà, ìlọ̀ kan, kí a pa á dé wò. Ìlọ̀ kejì, kí a tún pa á dé wò.

Ní ti ìpẹtà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó dá mi lójú. Ọ̀bẹ àtijọ́ tí ń dípẹtà kì í ṣe ọ̀bẹ búburú. Ọdún 1913 ni Harry Brearley, ní Sheffield kan náà, rọ irin tí kì í dípẹtà. Ọ̀bẹ tí ó ṣáájú àkókò náà, àti ọ̀pọ̀ èyí tí ó tẹ̀ lé e, irin dúdú gidi ni wọ́n, irin tí ó rọrùn láti pọ́n, tí ó sì ń mú bí abẹ onífárí. Ohun tí ó pupa tí ó sì ń ṣẹ́ yẹ́yẹ́ ni ọ̀tá. Èyí tí ó dúdú tàbí tí ó rí bí eérú, tí ó lẹ̀ mọ́ ara irin pẹ́kípẹ́kí, aṣọ ni ó jẹ́ fún irin náà, ó ń dáàbò bò ó, ẹni tí ó bá sì fi sáńpépà bó o kúrò títí ọ̀bẹ fi ń dán bíi dígí ti bọ́ aṣọ àgbàlagbà sílẹ̀ ní gbangba ọjà. Kí a rẹ ọ̀bẹ sínú kẹrosíìnì di ọjọ́ kejì, kí a fi irun irin tàbí sáńpépà tí ó kúnná gan-an àti òróró fọ èyí tí ó pupa kúrò, kí a sì dúró níbẹ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí ọ̀bẹ ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán títí orúkọ ẹni tí ó rọ ọ́ fi pa rẹ́. Kò sí ohun tí a lè ṣe tí orúkọ náà yóò fi pa dà.

Nísinsìnyí ni a dé ibi ìyípadà, ibi tí a ti ń sọ ọ̀bẹ ẹlòmíràn di tiwa. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ẹni tí ó ni ín fẹ́ fi ṣe? Ẹni tí ń bó èso nílò ṣóńṣó tí ó wọnú. Ẹni tí ń gé okùn àti páálí nílò ojú tí ó gún gbọọrọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ wá bá ojú ní iwájú bí pátákò àgùntàn, kí ó má baà gún ohun tí kò yẹ kí ó gún. Ẹni tí ń bó awọ ẹran nílò ojú tí ó ní ikùn. Irin tí a bá ti lọ̀ kúrò lára ọ̀bẹ kò tún ní pa dà sí i láé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ya àwòrán ojú tuntun náà sórí páálí, tí mo ń gé e, tí mo ń gbé e lé ọ̀bẹ lórí, tí mo sì ń fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó mú òkúta. Ìgbà mélòó ni ohun tí ó wù mí lálẹ́ kò wù mí mọ́ láàárọ̀!

Bí ṣóńṣó bá ti ṣẹ́, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí a ti mú irin kúrò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ni ó ṣe iyebíye. Bí a bá lọ ojú sókè láti lọ bá ibi tí ó ṣẹ́, gbogbo ọ̀bẹ á fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ṣóńṣó á yọ síta láàárín èkù bí mo ti wí lókè. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ ẹ̀yìn wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí yóò fi pàdé ojú ní ibi tí ó ṣẹ́, ọ̀bẹ á kúrú díẹ̀, gbogbo ohun yòókù á sì wà bí ó ti wà. Ohun tí mo ṣe sí ọ̀bẹ Bọ́mà nìyẹn. Ojú rẹ̀ ti wá bí pátákò àgùntàn láti Sheffield. Mo kàn bá ìwà rẹ̀ lọ ni.

Kí ni a ó fi lọ̀ ọ́? Ibí yìí ni mo ti jìyà. Ọ̀bẹ tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan tí ń jó irin, mo sì gbé e sí òkúta oníná tí ń yí bí ìjì. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, mo rí i tí ṣóńṣó rẹ̀ di àwọ̀ aró. Ó rẹwà lójú mi. N kò mọ̀ pé ikú rẹ̀ ni mo ń wò. Nítorí irin ọ̀bẹ kì í ṣe irin lásán: wọ́n ti yan án nínú iná títí ó fi pọ́n, wọ́n ti rì í bọ òróró tàbí omi kí ó lè le, wọ́n sì tún ti fi ooru díẹ̀ tù ú nínú kí ó má baà ṣẹ́ bí àpáàdì. Bí irin tí ó dán bá tún rí ooru, ara rẹ̀ á sọ bí ooru náà ti pọ̀ tó: ní nǹkan bí 220 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á dà bí koríko gbígbẹ, ní nǹkan bí 255, á dà bí àwọ̀ ilẹ̀, ní nǹkan bí 280, á di elésè-àlùkò, tí ó bá fi máa tó 300, á di aró. Ọ̀bẹ tí ó ti dé aró ti rọ̀. Ẹ pọ́n ọn láàárọ̀, yóò kú lọ́sàn-án. Iná kò pọ̀ tó láti jó ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà nítorí irin kékeré náà ni gbogbo rẹ̀ pin sí, mo sì ti ba ọ̀bẹ jẹ́ kí n tó mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é. Fáìlì lásán a máa yọ̀ lórí irin ọ̀bẹ tí ó le dáadáa, nítorí náà òkúta ìpọ́nbẹ tí ó rí hàkùhakù àti sáńpépà tí a lẹ̀ mọ́ pátákó títẹ́jú ni mo ń lò, pẹ̀lú omi: nọ́ńbà 120 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, n ó kọjá sí 240, sí 400, sí 600, n kò sì ní kúrò lórí ọ̀kan títí gbogbo ilà tí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ fà yóò fi pa rẹ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a fi téèpù wé ojú mímú, nítorí ọ̀bẹ tí a ń tún ṣe kò mọ olówó rẹ̀. Ó gba alẹ́ márùn-ún kí n tó mú ìwọ̀n ìrẹsì kan kúrò ní ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Àti pé, irin tí ọwọ́ ń lọ̀ nínú omi kì í gbóná, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi ọwọ́ ṣe irú àṣìṣe tí mo fi ẹ̀rọ ṣe. Omi náà tún ń mú ekuru mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ojú kékeré wo ekuru. Àwọn tí ń lọ ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì ní Sheffield ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ekuru òkúta àti irin ni ó jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò dàgbà. Kí a fi aṣọ bo imú, pàápàá bí a bá ń gé eegun.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwa ni a ó bá a gbẹ́ ẹ. Níwọ̀n ìgbà tí awẹ́ èkù ọ̀bẹ mi ti là, n kò lè ṣe kí n má tú u, nítorí ìṣó tí ó di awẹ́ mú kan náà ni ó di sìpíríǹgì àti ìdí irin mú. Ṣùgbọ́n bí èkù ọ̀bẹ yín bá ṣì dára, tí ó sì ń rìn tí ó ń sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má yọ ìṣó rẹ̀. Láti tú u, a ó fi fáìlì gé orí ìṣó ní ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi tẹ́jú pẹ̀lú èkù, a ó gbé ọ̀bẹ lé pátákó tí a ti lu ihò sí, a ó fi irin kékeré tí ó tẹ́ lẹ́nu ti ìṣó jáde pẹ̀lú òòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí a ya àwòrán ohun gbogbo kí ó tó kúrò ní àyè rẹ̀, kí a sì to wọn sórí aṣọ funfun bí wọ́n ti tẹ̀ lé ara wọn.

Àwọn ọlọ́bẹ Sheffield lo eegun màlúù, ìwo ẹfọ̀n, ìwo àgbọ̀nrín, ìkarahun òkun àti eyín erin. Eyín erin ti di èèwọ̀: láti 1989 ni àwọn ìjọba ayé ti fẹnu kò láti fi òfin de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀ wa ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti lọ. Igi osùn ni mo yàn fún ọ̀bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, igi tí ó le, tí ó pupa nínú bí ẹni pé ó ní ẹ̀jẹ̀, tí ó sì gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ àjà kí n tó là á. Igi tútù kò dára fún èkù: yóò súnkì, yóò sì là ní ojú ìṣó. Mo gé awẹ́ méjì tí ó nípọn tó mìlímítà márùn-ún, mo fi ògiri irin àtijọ́ náà ṣe òṣùwọ̀n, mo lu ihò láti inú ihò rẹ̀ gan-an kí wọ́n lè bá ara wọn mu, mo sì fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì lẹ̀ wọ́n, tí mo dì wọ́n mú nínú báìsì títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Nígbà náà ni gbígbẹ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀: a ó gbẹ́ díẹ̀, a ó dì í mú, a ó pa ojú dé, a ó sì béèrè lọ́wọ́ àtẹ́lẹwọ́ ibi tí ó ń ta á. Níparí, mo fi sáńpépà sílẹ̀ mo sì mú ewé eépín, tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ti fi ń dán ère àti àwọn onígbá ti fi ń dán igbá láti ayébáyé. Ewé náà kì í jẹ igi bí sáńpépà ti ń jẹ ẹ́; ó ń pa á lára rọra ni, igi a sì máa dán láìsí pé ó dà bí ohun tí a fi varnish kùn. Ìda oyin díẹ̀ ni mo fi parí rẹ̀.

Ìpadàpọ̀ ni ìdánwò. Ìṣó idẹ ni mo fi rọ́pò ti irin, mo sì jẹ́ kí ó yọ jáde níwọ̀n mìlímítà kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn bàbá wa ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣó ọ̀bẹ àpò kò fẹ́ kí a lù ú lójú kan rárá. Òòlù kékeré tí orí rẹ̀ rí roboto ni a ó fi máa kàn án tó-tó-tó yí ká etí rẹ̀, a ó yí ọ̀bẹ pa dà, a ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, títí orí ìṣó yóò fi gbilẹ̀ bí olú kékeré tí yóò sì kún ihò rẹ̀. Bí a bá lù ú jù, igi á là, tàbí kí ọ̀bẹ há tí kò ní ṣí mọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe ki ègé bébà kan bọ àárín ìdí irin ọ̀bẹ àti ògiri kí n tó kan ìṣó ìdí, tí mo sì fà á yọ lẹ́yìn náà; àyè tí bébà náà fi sílẹ̀ ni ọ̀bẹ ń rí yí. Ẹ̀kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan, mo ṣí i, mo pa á dé, ogún ìgbà, ọgbọ̀n ìgbà. Ní ìgbà kan láàárín ìyẹn, ó dún pàú.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa pípọ́n, nítorí ilé gbogbo ni wọ́n ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ àpò fẹ́ kí a dẹ̀ ẹ́ sórí òkúta níwọ̀n 20 dígírì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí iye ìgbà tí a fà á ní ọ̀tún bá ti òsì mu, kí a sì fi awọ nù ún ní ìkẹyìn.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí, kí ó má fi ọ̀bẹ baba rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Ọmọ tí kò tíì tẹ èkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Kí ó wá ọ̀bẹ Opinel kan, èyí tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí rọ ní òkè Savoie ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1890, tí kò gbówó lórí, tí èkù rẹ̀ jẹ́ igi ẹyọ kan tí kò ní sìpíríǹgì nínú. Ó rọrùn láti gbẹ́, ó rọrùn láti kùn, bí ó bá sì bàjẹ́, ẹkún rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kíyè sí òrùka tí wọ́n fi sí ọrùn rẹ̀ láti 1955 tí ó ń ti ojú rẹ̀ pa: òfin ibẹ̀ ti 1988 gba ọ̀bẹ àpò tí ń ká láyè ní gbangba bí ojú rẹ̀ kò bá ju ínṣì 3 lọ tí kò sì ní ohun tí ń tì í pa, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí pàtàkì tí ẹ fi mú un jáde. Ẹ fi í sílé.

Ọ̀bẹ Bọ́mà wà lórí tábìlì bí mo ti ń kọ èyí. Ó fi díẹ̀ kúrú ju bí ó ti wà ní 1943. Irin tí a fi ń ṣí agolo kò yí pa dà, bẹ́ẹ̀ ni ṣóńṣó gígùn ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ń tú okùn, nítorí n kò rí ohun tí ọwọ́ mi lè fi kún wọn. Ọdún àti ọfà rẹ̀ ṣì hàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wo inú àpótí àwọn bàbá yín kí ẹni tí ń ra irin àlòkù tó kọjá lójú pópó; bí ẹ bá rí ọ̀bẹ kan níbẹ̀ tí ó ń ká, ẹ fi kẹrosíìnì nu ìdí rẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.